Ọ̀bẹ Tí N Ó Máa Fi Sápò

Bọ́lọ́rundúró, lọ́nà Oǹdó.

Àbúrò mi Akínwùmí,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Kánádà. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, kòkó sì so dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àpò tí o ní kí n yàn: má ra èyí tó kó àlùmọ́gàjí àti ìṣígò mọ́ra, mi ò ta ọtí. Ojú kan ṣoṣo tó mú ti tó mi. Kó dúró gbagidi tí mo bá ṣí i, kó má padé mọ́ mi níka bíi ògbólógbòó tó wà lọ́wọ́ mi. Òun ni n ó fi gé okùn, tí n ó fi la àpò ajílẹ̀, tí n ó fi bó ọsàn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní obìnrin kì í fi ọ̀bẹ sápò. Ó ní kí opó fi oko sílẹ̀ fún òun, kó lọ dáná, torí ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Lánàá, okùn fún ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, èmi náà ló ń ké pè! Mo gé okùn náà, mo sì dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ ti lọ. Ọlọ́ọ̀bẹ ló loko."

Bá mi fi ránṣẹ́ kí ìkórè tó dé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Èmi ni,
Adéjọkẹ́ Ọlọ́ọ̀bẹ.