Mo Ti Pààrọ̀ Pọ́lọ́ọ̀gì Mọ́tò Bàbá Yín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé eyín ti hù padà lẹ́nu àbíkẹ́yìn yín? Mo mọ̀ pé ara yín le, torí pé kò sí àárọ̀ tí mi ò kọ́kọ́ dárúkọ yín níwájú Ọlọ́run kí n tó fọwọ́ kan omi. Ibi tí ẹ bá dojú kọ, ọ̀nà á là fún yín, ibi tí ẹ bá jókòó sí, àga ò ní yẹ̀ nídìí yín. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi òsì tó máa ń sọ̀rọ̀ tí òjò bá fẹ́ rọ̀, orúnkún yẹn ò sì tíì parọ́ fún mi rí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá yín. Lọ́jọ́ Ajé tí o pè, tí o ní o ti bá onírin àlòkù sọ̀rọ̀, pé kó wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì torí ó ti tó oṣù méjì tí kò ṣiṣẹ́, bàbá yín kàn ní ó dáa ni. O rò pé wọ́n gbà, àbí? Wọ́n fi fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò tan rédíò mọ́. Wọn ò bi mí léèrè ohun tí mo sè, tí mo bá gbé e wá, wọ́n á jẹ ṣíbí méjì, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ọkùnrin tó ti ń bá mi jà nítorí iyọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé bí onírin náà bá fi lè wọ́ mọ́tò yẹn jáde ní àgbàlá yìí lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá yín ò ní dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn bọ̀rọ̀. Mo ní mọ́tò náà ò ní lọ.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ pé kí n wò ó, kí n lè mọ̀ pé iṣẹ́ mọ́tò àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà, o ṣeun, ó wúlò gan-an. Mo wo ọkùnrin inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ó ní tí mọ́tò tó ti pẹ́ bá ń gbọ̀n, tó ń wúkọ́, tí kò fẹ́ jí láàárọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì ni kéèyàn kọ́kọ́ wò, àwọn nǹkan kéékèèké mẹ́rin tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ tó ní sùúrù ni. Iye ìgbà tí mo bá ní kó tún un sọ ló ń tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́, aṣọ rẹ̀ ò sì dọ̀tí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í dáhùn tí mo bá kí i kú iṣẹ́. Nígbà tó parí, ó bẹ̀ wá pé ká bá òun tẹ àtàǹpàkò kan tó wà nísàlẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́, torí náà bí ìwé kankan bá dé ọ̀dọ̀ rẹ pé ìyá rẹ tẹ̀ka fún ẹnì kan, èmi ni lóòótọ́, mo jẹ́rìí sí i pé ó mọ iṣẹ́.

Orí fóònù yẹn náà ni mo ti ra pọ́lọ́ọ̀gì. Àwọn tó ń tà á ní kí n kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà bi mí pé ṣé èèyàn ni mí àbí ẹ̀rọ. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ mo dá a lóhùn pé èèyàn ni mí, mo bí ọmọ mẹ́rin. Wọ́n kó àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, wọ́n ní kí n mú èyí tí mọ́tò wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ kìkì títì, mo mú òun náà, torí mọ́tò á ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é kí wọ́n tó gbà fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ọmọ mi, mo wẹ̀yìn wò kí n tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo fi mọ́tò bàbá yín kọlu ògiri lọ́dún tí o ṣègbéyàwó, kì í ṣe ewúrẹ́ ló họ ọ́. Wọ́n ní ó lágbára. Èmi náà mọ̀ pé ó lágbára, ìdí tí mi ò fi tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, jọ̀ọ́ má jẹ́ kó dé etí bàbá yín.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé pọ́lọ́ọ̀gì dé, Ọjọ́bọ̀ mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yá sípánà gígùn lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo gbé táàpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Kí ló wà níbẹ̀ tó ju ti máṣíìnì ìránṣọ lọ? Wáyà mẹ́rin ló lọ sórí pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, orí kejì wọn sì wọ inú ìdérí dúdú kan tó ń pín iná fún wọn. Ọkùnrin inú fóònù ní kéèyàn máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó pààrọ̀ ọ̀kan tán kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò kọ́ṣẹ́ aṣọ rí. Aránṣọ wo ló máa gé apá ọ̀tún, táá rán an tán, kó tó wá gé apá òsì? Gbogbo ẹ̀ la máa ń gé sílẹ̀. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí àti nídìí. Wáyà wọn dọ̀tí, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò bàbá yín. Àwọn pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ yí àwọn tuntun wọlé jẹ́jẹ́ kí n tó fi sípánà fún wọn, torí bí wọ́n bá fi agídí wọlé, ihò ni wọ́n máa bà jẹ́.

Nígbà tí wáyà gbẹ tí mo fẹ́ dá wọn padà, mo rí i pé gbogbo wọn jọra. Mi ò dààmú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ọjọ́ orí la fi ń pín nǹkan. Mo fún ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà ní ti àkọ́kọ́, mo fún ẹni kejì ní èyí tó tẹ̀ lé e, mo fún ẹni kẹta, títí dé àbíkẹ́yìn, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Mo jókòó, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i.

Ó kọ́kọ́ sín. Lẹ́yìn náà ló yìnbọn. Ó yìnbọn débi pé àwọn adìẹ fò gorí òrùlé, ìyàwó aránbàtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa sì ju garawa omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èéfín bo àgbàlá. Kí n tó nu ojú tán, bàbá yín ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dé fìlà, wọn ò mú ọ̀pá, wọ́n ní ta ló ń fìyà jẹ mọ́tò àwọn.

Wọ́n bi mí bí mo ṣe to wáyà. Mo ní bí àgbà ṣe ń ṣáájú ọmọdé ni. Wọ́n ní mọ́tò ò mọ ìyẹn, pé ẹni àkọ́kọ́ ló ń ṣíwájú lóòótọ́, àmọ́ ẹni kẹta ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹni kẹrin, ẹni kejì á wá kẹ́yìn. Mo ní kí ni ẹni kejì ṣe. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ta ló kọ́ mọ́tò nírú ìwà bẹ́ẹ̀, kí àbúrò méjì máa jẹun kí ẹ̀gbọ́n máa wò wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí àwọn ti ń wa mọ́tò yẹn, èmi tí mo wo fóònù lánàá ni mo fẹ́ máa kọ́ àwọn níṣẹ́. A fà á níbẹ̀ bí ìdajì wákàtí. Ó ti pẹ́ tí ìjà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè di nǹkan kékeré mú mọ́, torí náà wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fìka júwe, èmi ń fọwọ́ ṣe é. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá yín gbọ́wọ́ lé e, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ọwọ́ wọn náà ń gbọ̀n, mi ò mọ èyí tó ń gbọn èkejì. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo sè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí onírin àlòkù tó dé, bàbá yín ti wọṣọ, wọ́n ti jókòó sídìí mọ́tò, ó ń ṣiṣẹ́ wùùù. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ akẹ́rù àti ṣéènì dé, ó ní ìwọ lo rán òun. Bàbá yín ní kó sún ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn fẹ́ jáde. Ojú tì í, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà kàn wúkọ́ ni, kò dìde. Ó yí i títí, kò dìde. Mo ní kó ṣí i kí n wò ó. Pọ́lọ́ọ̀gì ni. Mi ò ní tuntun mìíràn nílé, àmọ́ mo fún un ní mẹ́rin àtijọ́ tiwa kó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo, ṣebí àlòkù ni iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá yín wá fi ṣéènì rẹ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tò wa, wọ́n sì fà á dé ilé ọkùnrin náà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀yìn ò dáa fún mọ́tò tó ti dàgbà, wọ́n gba títì ńlá. Èmi ni mo jókòó síwájú, mo ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, owó òróró ẹ́ńjìnnì àti sípánà tèmi, torí atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti gba tiẹ̀. Mo ti tún fún onírin àlòkù ní nọ́ńbà rẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́, mo sì ti sọ fún un pé tó bá fẹ́ tà á, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń báni ta mọ́tò láì bi onímọ́tò. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àwọn ò bínú, tí o bá ń bọ̀ kí o kàn pè, àwọn á wá gbé ọ ní ibùdókọ̀.

Ohun tí o bá dáwọ́ lé á jí fún ọ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ rẹ á pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ náà á dàgbà, wàá dogbó, ara rẹ á máa wúkọ́ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì ní pe onírin àlòkù sí ọ.

Èmi ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.