Epo àti Iyọ̀ fún Kòkòrò Ìjọba

Olútóyìn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìkẹjà, ṣé ariwo àwọn ilé iṣẹ́ Oregun ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀sà gbé wa lọ kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ lọ. Ara èmi le, ọkọ̀ mi ni ara rẹ̀ kò yá.

Ewé olódòdó elésè-àlùkò yẹn ti bo omi láti èbúté wa títí dé ibi tí mo dẹ ìgèrè sí. Ó di oṣù kejì tí n kò wa ọkọ̀ jáde, ìyá rẹ wá ń ra ẹja fún apẹja!

Ni ọ̀gbẹ́ni kan bá dé láti ọ́fíìsì ìjọba yín, Job lorúkọ rẹ̀, ó gbé kòkòrò dání nínú ike. Mo bi í bóyá ìjẹ ìwọ̀ ni. Ó ní rárá o, Baba, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ewé yẹn nìkan ni wọ́n ń jẹ. Mo gbọ́ pé ìjọba alágbádá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ń gba èèyàn síṣẹ́, n kò mọ̀ pé ó ti kan kòkòrò. Ó fi ọparun sé igun kan nínú omi, ó dà wọ́n síbẹ̀, ó ní kí n máa bá òun tọ́jú wọn.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò wọ́n. Wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á sinmi, bí òṣìṣẹ́ ìjọba gan-an, má bínú. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé bí a ṣe ń ṣe àlejò nìyí, kí wọ́n máa jẹ ewé lásán láìsí epo, láìsí iyọ̀? Ó ní kí n fi kòkòrò oníkòkòrò sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo po epo mọ́ odindi àpò iyọ̀ tó fi pamọ́ fún ẹja, mo wọ́n ọn sórí ewé náà dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àlejò mi ti kú. Mo ní wọ́n á ní mo pa òṣìṣẹ́ ìjọba. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ewé náà rọ, ó rà, mo fi àjẹ̀ ọkọ̀ mi tì í, ó fọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi, pé bí omi òkun oníyọ̀ bá wọ ọ̀sà lásìkò ọyẹ́, koríko omi kì í dúró.

Job dé, inú rẹ̀ dùn, ó ní kòkòrò tèmi ṣiṣẹ́ ju ti gbogbo èbúté lọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní àwọn kòkòrò náà dà? Mo ní wọ́n jẹun yó, wọ́n ti lọ sinmi. Ṣé irọ́ nìyẹn?

Jọ̀wọ́, rọra ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ. Kí o sì fi owó àpò iyọ̀ méjì ránṣẹ́, igun kan péré ló tíì là, ìgèrè mi ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Má fi owó epo kún un, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà rẹ. Bó bá sì bò ó, iyọ̀ wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọláhàn