Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Dókítà ti dá ọjọ́. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọn yóò yọ gògóńgò Bàbá. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ò gba ẹ̀bẹ̀. Bàbá á máa mí, á máa jẹun, àmọ́ ohùn tó fi kéde ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n — "Ẹ sún sẹ́yìn, ọkọ̀ ń wọlé!" — ó parí nìyẹn.

Olùkọ́ ohùn tó wà ní ọsípítù sọ pé ọ̀nà kan wà. Ká gba ohùn Bàbá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wákàtí méjì ó kéré tán. Kọ̀ǹpútà á kọ́ ohùn náà. Bàbá á máa tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á máa fi ohùn Bàbá sọ ọ́. Ó kìlọ̀ pé ariwo kankan ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀: ohun tí a bá fún ẹ̀rọ ló máa kọ́.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ará ìta. Ta ló tún kù tó máa to ti Bàbá? Kékeré, tí ò ju páálí bàtà lọ, tí Bàbá á lè gbé dání. Òun náà la ó fi gba ohùn sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pariwo. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Púrósẹ́sọ̀ ni wàhálà — ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta ni mo ń wò. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ.

Gìrìpá: iná wáàtì márùndínláàádọ́rin ló ń jẹ. Ó yára, àmọ́ ó ń gbóná, fáànù rẹ̀ á sì máa hó bí omi lórí iná. Ọ̀lẹ: wáàtì mẹ́wàá, kò nílò fáànù rárá. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá tẹ "ẹ káàárọ̀", ọ̀sán á ti pọ́n kó tó jáde. Jẹ́jẹ́: wáàtì márùndínlógójì, àárín méjèèjì. Bóyá ó yára tó. Bóyá ó dákẹ́ tó. Bóyá, bóyá.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Mo gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ilé sí pálọ̀, mo so máíkì mọ́ ọn, kí n lè mọ iye ariwo tí máíkì máa ń gbọ́. Mo pa fíríìjì. Mo yọ bátìrì aago ara ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀ ni Bàbá béèrè láti orí àga rẹ̀: ṣé mo ti jẹun? Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná, mò ń wọn ariwo." Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo tún un gbà látìbẹ̀rẹ̀.

Láti òní lọ, Ìyá Wáàtì ni Bàbá ń pè mí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Jẹ́jẹ́ ni. Mo ti pinnu.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Mi ò tíì pinnu o.

Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ra Jẹ́jẹ́. Ẹnìkan ní kò pariwo rárá. Ẹnìkan ní òun ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ta ni kí n gbàgbọ́? Mo gbé fáànù mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan lórí ògbólógbòó yẹn. Bàbá ń kọrin. Mo ní kí ó dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀ pè mí. Ó ní kí ló dé tí mi ò fi fóònù gba ohùn Bàbá sílẹ̀ ná, kí n wá máa to kọ̀ǹpútà mi lọ. Mo ṣàlàyé pé ohùn fóònù ò mọ́ tó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó yan aṣọ tí kò yẹ ẹ́ nìyẹn.

Inú bí mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ méjìdínlógún ṣì wà.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Mo ti ní kí wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ wá. Ọwọ́ oníṣòwò kan tí mo ń pè ní Ó-Wà-Lọ́nà ni mo ti rà á, nítorí ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn.

Mo tún wọn ariwo. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ọjọ́ tó kéde ọkọ̀ tí kò sí. Mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn ibùdókọ̀ yẹn tán láti kékeré. Mo dá a dúró.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Ó wà lọ́nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Jẹ́jẹ́ dé! Mo to gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Ìdérí ò pa dé. Irin tó ń gba ooru lórí ọpọlọ fi ìka kan ga ju àpótí lọ, bí mo bá sì lò ó láìdé, ariwo fáànù á jáde. Mo wọn wáàtì, mo wọn ariwo, mi ò wọn gíga. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá ṣe irú èyí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó máa gbọ́ ọ.

Ó-Wà-Lọ́nà ní irin kúkúrú á dé lọ́jọ́rú. Ohùn Bàbá ti ń há. Bàbá ní kí n má da ara mi láàmú.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà

Bàbá ò lè mí dáadáa láàárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí àbúrò mi sáré gbé e lọ. Kí n tó dé ọsípítù, wọ́n ti la ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Wọn ò lè dúró di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n mọ́. Ọ̀la ni.

Ó rí mi, ó la ẹnu. Kò sí ohùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti ṣe é. Ó yè é. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Irin kúkúrú dé. Ìdérí pa dé. Mo tan kọ̀ǹpútà náà, mo gbé etí lé e. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo ṣe láyé mi. Mo jókòó tì í, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Mo lọ pa ògbólógbòó kọ̀ǹpútà náà, mo bá àwọn ohun tí mo gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ariwo 1 dé Ariwo 9. Mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́. Mo tẹ èkíní.

Fáànù ń hó. Ohùn Bàbá wá jáde: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?"

Mo gbọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ń kọrin. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú Ariwo 6 ó ní, "Ọjọ́ tí mo kéde ọkọ̀ tí kò sí, obìnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì —" Ohùn mi ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Ohùn mi ló parí gbogbo wọn. Bàbá, ẹ dákẹ́. Bàbá, ẹ dákẹ́ ná.

Mi ò lè sọ fún àbúrò mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ọsípítù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́: mi ò gba nǹkan kan sílẹ̀ àfi ariwo. Mo bẹ̀ ẹ́.

Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. Ó tẹ́tí sí i. Ó wò mí. Ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí n fún òun ní ìwé àti báírò. Ohun tó kọ nìyí:

"Ìyá Wáàtì, ṣé o ti wọn ariwo tán? Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ wàyí?"

Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.

Mo ní, "Ẹ máa sọ ọ́, Bàbá mi. Obìnrin tó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn ńkọ́?"

Ó fa ìwé náà mọ́ra. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé méjì, mo ń bá a di etí ìwé mú. Ìyá mi ni obìnrin náà.