Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ọmọ Mi

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bí ọba ni mo ń jayé nílé ọmọ mi níbí. Ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ mi ní géèmù ìrìnàjò kan lórí kọ̀ǹpútà. Lánàá, ó sáré kọjá lára bàbá arúgbó kan nínú rẹ̀. Mo ní, "O ò lẹ́nu ni? Kí bàbá!" Ó kí i, bàbá sì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ tá a ti ń wá. Ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, géèmù tó dáa, tó bá ti ilẹ̀kùn, á fi kọ́kọ́rọ́ síbi téèyàn lè rí i. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrẹ́jẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta. Mo béèrè kọ́kọ́rọ́, ọkọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín: "Ẹ sinmi, Màámi." Mo béèrè ìwé ìrìnnà mi, ó tún ní kí n sinmi. Irú ìsinmi wo nìyẹn?

Sọ fún tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pé kò sẹ́ni tó bá mi kọ èyí. Má pè mí. Ọwọ́ wọn ni fóònù mi wà. Mo ń gbádùn gan-an. Bá mi kí gbogbo ilé, kí ìwọ náà sì wá kí mi lójúkojú.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.