Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́rin Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ ní Port Richmond

Ọdún márùn-ún rèé, Dádì. Ọdún márùn-ún gbáko tí ẹ jókòó sídìí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, tí ẹ ò sì ta pútú mọ́. Ìyàlẹ́nu ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára wa tí òmíràn tún fi dé bá a. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ fojú wa rí lọ́dún yìí.

Olúsànmí ọmọ Ìkirè, ilé tí ẹ ń kọ́ síbẹ̀ ti parí. Wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n ti fi gíláàsì sí fèrèsé. Adéníkẹ́ ọmọ yín ti bímọ, Tiwa lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá rí ní Parkchester, ó ní ti Grandpa ni.

Iṣẹ́ yín náà ò kú. Àwọn ará Soundview ṣì ń kó dọ́rọ́ọ̀mù ẹrù wọn fún wa ká bá wọn gbé e débi tí ọkọ̀ òkun ti máa kó o lọ sílé, Adéníkẹ́ ló sì ń wa ọkọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, Adéníkẹ́ tó ní yunifásítì lòun lọ, òun ò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì! Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iye ìgbà tí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò yín lábẹ́ ọkọ̀. Ó máa ń ní ó dìgbà mìíràn.

Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ní Port Richmond, níbi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ lẹ tépù mọ́ wọn níwájú, ẹ kọ déètì sí i, ọjọ́ Saturday tó ṣíwájú ọjọ́ tí ẹ lọ. Mọ́mì ní ọ́ìlì tí ẹ fọwọ́ ara yín rà kẹ́yìn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lójú kan. Tí àyájọ́ yín bá ti pé lọ́dọọdún, Mọ́mì á dé ibẹ̀, á nu eruku iwájú wọn, á gbàdúrà lórí wọn. Bọ̀ọ̀dá Francis, mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ yín, ló ń bá wa pààrọ̀ ọ́ìlì látìgbà náà, ọ́ìlì tirẹ̀ ló sì máa ń gbé wá.

Lọ́dún yìí, Mọ́mì ní ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré, ká da ọ́ìlì yín sínú ọkọ̀, kí ọwọ́ yín lè tún wà nínú iṣẹ́. Francis ti lọ sí Houston, ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ̀ sì ti kọjá àkókò tó yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Dọ́rọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá wà lẹ́yìn rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ti kọ̀ǹtẹ́nà pa. Ni Adéníkẹ́ bá wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nínú òtútù oṣù Kejì, pẹ̀lú fóònù tó ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí ti àtijọ́ ṣàn tán, ó dì í padà, ó pààrọ̀ fílítà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin.

Ó ka iwájú kẹ́ẹ̀gì yín. Ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni, 5W-40. Ó ṣí i, ó da díẹ̀ sínú àrọ. Háà, Dádì! Ohun tó jáde dúdú bí èédú, ó ń rùn bí ìkòkò tó jóná.

Mọ́mì ní ọjọ́ ló pẹ́ lórí rẹ̀ tó fi dúdú, kó máa dà á lọ, pé ohun tí ọkọ òun bá rà kì í bàjẹ́.

“Mọ́mì, ẹ má bínú,” ni Adéníkẹ́ wí, “I can't pour this inside Dádì's engine.”

Ó pe Francis, ó ṣàlàyé ohun tó rí. Francis sì dáhùn pé:

“Níkẹ̀ẹ́, ọ́ìlì àlòkù nìyẹn. Tí bàbá ẹ bá ti da tuntun sínú ọkọ̀ tán, inú kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ló máa ń da àlòkù sí, á wá gbé e lọ fún ṣọ́ọ̀bù tó ń gbà á. Ọlọ́jọ́ ló dé kó tó gbé ìyẹn lọ.”

Ọdún márùn-ún! Ọdún márùn-ún la fi ń gbàdúrà lórí ìdọ̀tí, Dádì! Mọ́mì jókòó sórí táyà. Adéníkẹ́ yára dé kẹ́ẹ̀gì náà pa. Ó kù díẹ̀ kó fi ìfẹ́ pa ẹ́ńjìnnì tó ń bọ́ gbogbo wa.

Francis ní kó jẹ́ kí ìwọ̀nba tó ti dà sí i ṣàn jáde, kó lọ ra tuntun. Adéníkẹ́ gbé ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì yín dání, òun àti Mọ́mì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ìlì kún pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè. Mọ́mì fẹ́ 15W-40, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ ló pọ̀ jù, ọ́ìlì tó bá ki ló lágbára. Nathan tó ń tajà níbẹ̀ na ọwọ́ sí òmíràn tí wọ́n ya ọkọ̀ ńlá síwájú rẹ̀. Adéníkẹ́ fẹ́ẹ̀ gbé e, àfi bí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ létí rẹ̀ nígbà tí kò fẹ́ gbọ́ ṣe sọ sí i lọ́kàn. Ẹ máa ń ní ẹni tó ń tajà ló ń sọ̀rọ̀ níwájú kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yìn ni kéèyàn kà. Lẹ́tà C ni ti dísẹ́ẹ̀lì, S ni ti pẹtiróòlù. Ó yí ti Nathan padà, S nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó wá yí tiyín náà padà kó lè mọ èyí tó máa mú. CK-4 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, tépù mìíràn! Ògiri ni ẹ kọjú rẹ̀ sí, iwájú nìkan ni Mọ́mì sì ń nù láti ọdún márùn-ún yìí wá. Ìkọ̀wé yín ni, Dádì, pẹ̀lú bírò dúdú:

“Òtútù: 5W-40. Èyí tó kàn, Níkẹ̀ẹ́ ni kó ṣe é. Màá kàn dúró tì í.”

Adéníkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún bí ẹni pé àná ni ẹ lọ. Mọ́mì bá a jókòó. Nathan ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣáà gbé omi wá.

Wọ́n ra mẹ́rin, 5W-40, CK-4. Adéníkẹ́ dà á sínú ọkọ̀, ó mọ́ roro bí oyin. Ó fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ ihò rẹ̀, ó tún yọ ọ́ wò bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni dọ́rọ́ọ̀mù kẹrìnlá wọnú kọ̀ǹtẹ́nà.

Mọ́mì ti gbà ká kó àlòkù yẹn lọ fún àwọn tó ń gbà á. Tépù yẹn nìkan ló yọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ níbi tí Adéníkẹ́ á ti máa rí i.

A ṣì ń wá yín lójoojúmọ́, Dádì. A fẹ́ràn yín, a ò dẹ́kun rẹ̀. Oṣù Karùn-ún la tún máa pààrọ̀ ọ́ìlì, Níkẹ̀ẹ́ náà ló sì máa ṣe é. Ẹ ṣáà dúró tì í.