Orin Ebè Bàbá Mi

Iléṣà, ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹfà, 1994

Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé òyìnbó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba orin lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, á wá fi ohùn orin náà gbé ewì jáde. “Bàbá, ẹ kọ orin ebè bàbá yín, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ta ló ń kọ orin ebè lórí àga? Ṣé orí ebè nìwọ ń tẹ dùùrù?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Orin náà ni kò wá sí mi lẹ́nu. Èmi nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n.

Mi ò lè jókòó. Àìkú ò Àìkú, mo gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ebè àkọ́kọ́ kò tíì parí tí orin fi dé.

Ìyàwó ọmọ mi tó ń bá mi kọ̀wé yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí: kí atẹdùùrù wá lọ́la. Kó mú ọkọ́ tiẹ̀ dání. Orin náà ní ègbè.