Ohun Tó Dá Ìrun Pípè Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró

Ojúlé 14, Ìyànà Ìyèsí,
Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kejì, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Àdìzát,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìwó? Ìyá Àdìzát ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti dẹ̀ díẹ̀? Àwa níbí ń dúpẹ́. Mo ṣì wà ní ilé iṣẹ́ ike ní Ṣàngó, ariwo ẹ̀rọ ò tíì jẹ etí mi tán.

Àdìzát pè mí lánàá. Ó ní ẹ ò pe ìrun mọ́ láti oṣù mẹ́ta, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ń sọ pé ẹ bá lèmọ́ọ̀mù jà ni. Ó ní ẹ kì í fẹ́ mu omi, ẹ sì ti ń fọ ṣòkòtò yín fúnra yín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, torí mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ìtọ̀ ló ń kán, tó ń ba àlùwàlá yín jẹ́.

Ó ṣe èmi náà lọ́dún tó kọjá. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa. Mo tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Bàbá, àbí atọ̀sí lẹ kó ni?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá omi mímu dúró, tí mo sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí a ó fi ṣíwọ́. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Nígbà tó yá, mo fẹ́ tọ̀, kò jáde. Rọ́bà ni wọ́n fi fà á nílé ìwòsàn.

Dókítà Olúwayẹ́misí ló là mí lójú. Ó ní ẹran kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, àárín rẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ ara tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, ló para pọ̀ di ẹran náà. Ọ̀kan á pín di méjì, méjì á di mẹ́rin, tuntun á máa rọ́pò èyí tó bá kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń dàgbà, oje ara tó ń mú irùngbọ̀n hù fún wa á máa sún wọn bí sí i, títí wọn á fi pọ̀ ju àwọn tó ń kú lọ. Ẹran náà á tóbi, á sì fún ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ ò ní lè jáde tán, á wá máa kán. Ó ní bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń yi náà nìyẹn: ọkọ́ ń ha á, awọ ń bí kún awọ. Kì í ṣe atọ̀sí, a kì í kó o lára ẹnikẹ́ni. Tèmi kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ní àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ti ẹlòmíràn. Oògùn ni mo ń lò báyìí, ara sì ń tù mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Mo ti bá yín gba àyè lọ́dọ̀ dókítà náà fún Ọjọ́rú, n óò pàdé yín ní Ṣàngó Toll Gate. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni kó máa jí àdúgbò fún sààrì? Ẹ bá mi kí Ìyá Àdìzát àti Kùdírátù. Ẹ má bínú sí Àdìzát, àyà ọmọ náà ń já ni.

Bí ojú bá sì ń tì yín láti sọ ọ́ níwájú dókítà tó jẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú wọlé. Mo ti tọ̀ sára lójú dókítà yẹn rí. Kò rẹ́rìn-ín.

Èmi àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Láwàlì.